Ẹni Tó Jẹ Èrè Ajá Ni Kó Bọ́ Ajá

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà nítòsí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ ó rí ajá mẹ́fà tó ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n. Kọ̀ǹpútà ló ń ya àwọn yẹn. Wọn kì í jẹun, wọn kì í fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, wọn kì í darúgbó. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé àwọn tó ń fi ajá gidi pawó lókè òkun náà ń ṣe bí ẹni pé ti kọ̀ǹpútà ni.

Greyhound ni ajá gidi náà. Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ England ló ń fi í lé ehoro. Ní 1919, Owen Patrick Smith ṣí pápá kan sí Emeryville ní California, níbi tí ajá ti ń lé ehoro ayédèrú tí ẹ̀rọ ń fà. Ní oṣù Keje 1926, eré náà dé Belle Vue ní Manchester. Láti ìgbà náà, owó oníowó ni ajá ń lé.

Mick the Miller gba ife Derby ní 1929 àti 1930. Nígbà tó kú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù ńkọ́? Greyhound sábà máa ń fi eré ìje sílẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ó lè lo ọdún méjìlá láyé. Ta ni yóò bọ́ ọ fún ọdún méje tó kù? Nígbà tí pápá Canidrome ní Macau kógbá sílé ní 2018, ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní 500. Àwọn aláàánú ló wá ilé fún wọn.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí àwọn èèyàn ń gbà wọ́n sílé?" Òótọ́ ni, a sì kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àánú ẹni ẹlẹ́ni kọ́ ló yẹ kó san gbèsè olówó. Ní Britain, owó tí àwọn onítẹ́tẹ́ ń dá fún eré náà, tinútinú ni. Òfin kò mú un ní dandan. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ajá kọ̀ọ̀kan ní 2020, £400 ni. Ẹ bá wa pín in sí ọdún méje!

A kò sọ pé áńgẹ́lì ni Yorùbá sí ajá. Gbogbo wa la mọ ohun tí Ògún ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá pa ẹran, ajá rẹ̀ a rí jẹ níbẹ̀.

Ní 2018, ìpín 69 nínú 100 àwọn olùdìbò Florida ló ní kí eré náà dópin níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ṣì ń sá a, kí òfin yọ owó ìtọ́jú ajá títí dọjọ́ ikú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pín èrè. Bí èrè kò bá tó o, kí wọ́n ti pápá pa.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní ìlú ọba, bí àyè bá wà nílé, ẹ gba ọ̀kan. Oorun ló fẹ́ràn jù, kò ní yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé gbèsè ẹlòmíràn lẹ ń bá a san, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onígbèsè.