Ẹ Má Ṣe Dí Gbogbo Ihò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀-Ilé Nígbà Òtútù

Nígbà tí oṣù Kọkànlá bá ń parí lọ ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, tí igi ti wọ́wé tán, tí òjò dídì sì ti ń bo ojú ọ̀nà láti Minnesota títí wọ Manitoba ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀nà méjì ni àwọn tó ní ọkọ̀-ilé máa ń pín sí. Ọkọ̀-ilé tí mo ń wí ni mọ́tò tó ní ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Winnebago ti Forest City ní ìpínlẹ̀ Iowa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1966. Apá kan a kọrí sí gúúsù, sí aṣálẹ̀ Arizona níbi tí oòrùn wà, tí ìlú kékeré Quartzsite a sì kún fọ́fọ́ fún wọn lóṣù Kìn-ín-ní; apá kejì a ní àwọn ò sá fún òtútù, pé inú rẹ̀ gan-an làwọn ń lọ, kí àwọn lè rí igbó tó funfun báláú, kí àwọn ọmọ lè fi pákó yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè, kí ariwo ìlú sì dẹ̀yìn létí àwọn fún ọjọ́ mélòó kan.

Èmi kì í bá apá kejì yìí wí. Ẹwà tí Olódùmarè dá sínú ìgbà òtútù kò kéré, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n sì ti fi Winnipeg, Calgary àti Minneapolis ṣe ibùgbé lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i bí onílẹ̀ ti ń rí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà múra sílẹ̀ fún un. Wọ́n gbà pé ooru nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, pé bí a bá ti lè sé ooru mọ́ inú ọkọ̀, ó bùṣe. Wọn a wá akísà ki bọ gbogbo ihò, wọn a lẹ páálí mọ́ fèrèsé, wọn a ti ihò afẹ́fẹ́ òrùlé pa, wọn a tan iná gáàsì, wọn a sì fọkàn balẹ̀ sùn. Òjò kì í bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa, òótọ́ sì ni pé òtútù tó lọ sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo kò mọ ẹni tí í ṣe àlejò; ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló tún wí pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, inú ilé sì ni ikú tí mo ń bẹ̀rù jù wà.

Gáàsì carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀, ikú a-pani-má-yọdà. Gbogbo iná tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó ló ń bí i, ìbáà jẹ́ iná sítóòfù, iná èédú tàbí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ojú, kò ta imú. Bí a bá sì ti fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ, a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń mí kò rí ẹ̀mí gbà nínú èémí rẹ̀. Orí a máa fọ́ ọ, oorun a máa kùn ún, a sì rò pé àárẹ̀ ìrìn-àjò ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ó ti pa wá nílé: ẹbí mélòó ní Nàìjíríà ni kò ti gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná nítorí olè, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò jí mọ́? Ọkọ̀-ilé sì kéré ju ilé lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba: ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú ọkọ̀-ilé nígbà òtútù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òtútù díẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Kí ihò òrùlé ṣí ní ìwọ̀n ìka kan, kí fèrèsé kan ṣí díẹ̀ pẹ̀lú, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà wọlé, kó sì rí ọ̀nà jáde. Gáàsì tó bá ti ibẹ̀ ṣòfò, owó ẹ̀mí ni. Kí a má fi sítóòfù ìdáná múlé gbóná láéláé, kí èédú má sì dé inú ọkọ̀ rárá. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó bá ọkọ̀ wá, tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó sì ń tu èéfín rẹ̀ síta, òun ni kí a lò. Bí òjò dídì bá rọ̀ mọ́jú, kí baálé ọkọ̀ kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì lọ wo ẹnu páìpù èéfín náà, nítorí bó bá dí, inú ilé ni èéfín lè padà sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ̀rọ atanilólobó tó ń ké bí gáàsì náà bá yọjú gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibùsùn, kí a sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí èyí tó ti lo ọdún 10 lára ògiri lè má gbọ́ òórùn ikú mọ́ bí iná rẹ̀ tilẹ̀ ń tàn.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rinrin. Tọkọtaya àtọmọ méjì yóò mí omi síta mọ́jú, ìkòkò ọbẹ̀ yóò fi tirẹ̀ kún un, iná gáàsì fúnra rẹ̀ sì ń bí ooru omi bó ti ń jó. Ẹni tó bá gbé tìmùtìmù sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yóò bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó rin gbindin. Bó bá sì wo orí àwọn ìṣó tó di férémù fèrèsé mú, yóò rí i pé ìrì dídì ti hù funfun lórí wọn nínú ilé, nítorí irin ń gbé òtútù ìta wọlé. Aṣọ tó nípọn tí a ta sí àárín ìjókòó awakọ̀ àti yàrá ẹ̀yìn wúlò púpọ̀, torí pé gíláàsì iwájú ni ooru ń gbà sá lọ jù.

Omi ò lọ́tàá, omi abùwẹ̀ abùmu. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọkọ̀-ilé nínú òtútù, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ní ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi a dì, bó bá sì ti ń dì a máa fẹ̀ sí i ní ìwọ̀n bí 9 nínú 100. Páìpù tínínrín tó gbé e a sán, a kò sì ní mọ̀ títí òtútù yóò fi rọlẹ̀, tí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ya sábẹ́ pákó ilẹ̀. Àwọn ògbólógbòó a máa we wáyà tó ń gbóná mọ́ páìpù, wọn a sì ta tapólì yí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ká kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má bá omi jà. Kó tú omi táńkì àti ti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná dànù, kó fi páńpù fa oògùn pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí sínú páìpù, kó sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan: yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò tu omi lásán, títí àwọ̀ pupa náà yóò fi jáde gaara, nígbà náà ni kó tì í, kó bọ́ sórí èyí tó kàn, kó má sì gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Propylene glycol ni wọ́n fi ń ṣe oògùn yìí. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tí à ń dà sínú rédíétọ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí májèlé ni ethylene glycol tó sábà máa ń wà nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, kégì omi mélòó kan nínú yàrá tó móoru àti garawa kan, ó tó. Ta ló dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo nínú wa tí kò mọ bí a ti í fi àbọ̀ garawa wẹ̀ tí ara á sì mọ́? Ohun tí ẹlòmíràn ń kà sí ìyà, ìmọ̀ ni lọ́wọ́ wa, mo sì gbà pé ó sàn nínú òtútù ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ.

Gáàsì àti bátìrì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Propane ni kí a rà, kì í ṣe butane, nítorí butane a dákẹ́ sínú sílíńdà bí òtútù bá ti dé ìwọ̀n òdo, nígbà tí propane ṣì ń di afẹ́fẹ́ títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo. Bátìrì olójé tí iná rẹ̀ ti tán a máa dì, a sì máa là; ti lithium ní tirẹ̀, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́ bí a bá gba iná sí i nígbà tí ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òdo. Bátìrì ló sì ń yí fáànù ẹ̀rọ amúlégbóná nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀: bó bá kú lóru, gáàsì ìbáà kún sílíńdà, ooru ò ní dé ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù, àwọn tó ń fi ọkọ̀-ilé háyà ni mo ní in sí. Kò tọ́ kí a kó kọ́kọ́rọ́ lé ọwọ́ ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí òjò dídì, kí a fi tẹlifíṣọ̀n àti ibùsùn hàn wọ́n, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Kí wọ́n má ṣe gba owó kí wọ́n tó mú oníbàárà yí ọkọ̀ ká: ibi tí omi ń gbà jáde, ẹnu páìpù èéfín, ihò òrùlé tí kò gbọdọ̀ tì pa, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ atanilólobó náà létí rẹ̀ àti létí àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè dá ohùn rẹ̀ mọ̀ bó bá ké lóru, kí wọ́n sì mọ̀ pé ìta ni kí gbogbo wọn sá sí, òjò dídì ìbáà máa rọ̀.