Ajá Kò Lè Dípò Bíréèkì: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ní Ọkọ̀ Asáré

 

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ asáré, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní spọ́ọ̀tì, gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ irin tó ń gùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ajá tó pa síwájú táyà kò lè dípò bíréèkì tó ti kú.

Omifunfun ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé oríta ni Orè jẹ́: ọ̀nà tó ti Èkó àti Ṣágámù bọ̀ gba ibẹ̀ lọ sí Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, a máa ń rí àwọn Mustang, Camaro àti BMW onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ń fò kọjá bí àṣá. Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn. Ìgbà àgbà wọn ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá sì gba àgbà sílé mọ̀ pé ìtọ́jú ló ń fẹ́.

Àwọn kan nínú wa a ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, wọn a gbé e lọ sí ojúbọ Ògún lọ́la, wọn a pa ajá, wọn a ta epo sílẹ̀, wọn a sì gbà pé ó parí. N kò bẹnu àtẹ́ lu ìrúbọ náà, nítorí èmi náà ń ṣe é. Ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: ọdún wo ni wọ́n ṣe táyà tí ẹ̀jẹ̀ ajá yẹn kán sí? Ọ̀pọ̀ ni kò lè dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa ní òfin tó dè wá mọ́ irin. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ àdá, àgbẹ̀ ló ń pọ́n ọn. Alágbẹ̀dẹ ló ń tún ìbọn ṣe, ọdẹ ló ń nù ún, tó ń fi epo pa á, tó ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò kó tó wọ igbó. N kò tíì rí àgbẹ̀ tó ń gbé àdá lọ sí àgbẹ̀dẹ ní gbogbo òwúrọ̀ kí wọ́n tó bá a pọ́n ọn. Ìdí tí ọkọ̀, tó lágbára ju àdá àti ìbọn lọ, fi wá di ohun tí olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kò yé mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Ilé-iṣẹ́ Michelin gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn pé bí táyà bá ti lo ọdún 5, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí a sì yọ ọ́ bó bá ti pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é, ì báà ṣe pé ojú rẹ̀ ṣì ń dán.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ìwọ̀n táyà náà. T kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 190 ní wákàtí kan. V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300. Òfin wa kò gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè ju 100 lọ ní ọ̀nà márosẹ̀, mo sì rọ̀ yín kí ẹ pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ooru àti ẹrù tí ọkọ̀ asáré ń gbé karí táyà ni àwọn tó ṣe é wò kí wọ́n tó yan W fún un. Ẹni tó bá yọ W, tó fi T olówó pọ́ọ́kú sí i, dà bí ọdẹ tó fi òwú aláǹtakùn gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Bíréèkì ló tẹ̀lé e. Ọ́ìlì tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa dé ìdí táyà a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ igbó tiwa yìí sì kún fún ọ̀rinrin. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé ìwọ̀n 230 Celsius. Bó bá ti fa omi tán, 155 ni òṣùwọ̀n náà. Ọkọ̀ tó ń sáré gidi, tó sì ń já eré sílẹ̀ lójijì léraléra, a máa mú bíréèkì gbóná púpọ̀. Bí ọ́ìlì náà bá hó, oru á kún inú páìpù rẹ̀, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì.

Àwọn iṣẹ́ tó tọ́ sí ọwọ́ olówó ọkọ̀ kò le. Kí ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kó wo ìwọ̀n rẹ̀. Kí ó wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó ṣì tutù. Kí ó fi kúláńtì sínú rédíétọ̀ dípò omi kànga tó ń mú irin dípẹtà, kó má sì ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ọkọ̀ asáré kò jìnnà sílẹ̀, nítorí náà bó bá ti kọ lu kòtò, kó bẹ̀rẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀, kó rántí pé jáàkì ló ń gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe òun ló ń gbà á dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kò ní ìdúró onírin lábẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Ọ́ìlì dúdú tó bá sì dà jáde, inú kẹ́ẹ̀gì ni kó wà. Ibi tó ń jẹ́ Omifunfun kò yẹ ní ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sódò.

Iṣẹ́ kan wà tó kọjá èyí. Airbag, irin onílílọ̀ tó gbé ọkọ̀ dúró, turbo àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lè pa ẹni tí kò kọ́ wọn tàbí kí wọ́n bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́. Ẹnìkan lè sọ pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì Orè. Rárá o. Àgbẹ̀ tó ń pọ́n àdá kò sọ alágbẹ̀dẹ di aláìníṣẹ́. Ẹni tó mọ irin rẹ̀ ló mọ mẹkáníìkì gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, òun náà ló sì ń san owó iṣẹ́ láìjiyàn.

Àwọn mìíràn a ní ẹni tí Ògún bá fẹ́ mú, kò sí ohun tí sípánà lè ṣe fún un. Èyí ló dùn mí jù. Ìtàn wa sọ pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ wá sí ayé, igbó dí ọ̀nà, Ògún ló fi irin la ọ̀nà náà. Òṣìṣẹ́ ni òrìṣà yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́. Bí táyà tó ti gbó bá bẹ́, tí a wá ní Ògún ló gba ẹ̀jẹ̀, orúkọ Ògún ni a ń bà jẹ́, a sì ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn tó ń pe òrìṣà wa ní apànìyàn.

Ẹ wo Wọlé Ṣóyínká. Kò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí Ògún pamọ́ rí. Eré rẹ̀ The Road, tó jáde ní 1965, gbé awakọ̀, ikú ojú pópó àti Ògún kalẹ̀ papọ̀. Òun kan náà ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún Ògún ló tún ní kí a yẹ bíréèkì wò. Kò rí ìjà láàárín méjèèjì, nítorí kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Nígbà tí ọdún Ògún bá tún dé, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ wá sí ojúbọ kọ́kọ́ ka ọjọ́ orí táyà rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì sọ ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá ti gbó, kó má tíì ra ajá. Kí ó fi owó ajá kún owó táyà ná, kó padà wá. Ògún á dúró dè é.

Ògún á gbè wá o. Àṣẹ.