Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Jericho àti Tẹlifíṣàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà" ni àwọn àgbà máa ń wí fún ẹni tí ọ̀nà tó mọ̀ bá dí, tó sì rò pé kò sí ibòmíràn tí òun tún lè gbà. Òwe náà jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ, nítorí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé owó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ àti pé ẹni tó pàtẹ fẹ́ tà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn tẹlifíṣàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Jericho, n'Ìbàdàn, dán ìgbàgbọ́ kejì yìí wò.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni BBC ti ń gbé àwọn ètò rẹ̀ sórí iPlayer, ibi tí ènìyàn ti lè wo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá ṣí i lórí fóònù ní Jericho lè rí orúkọ eré àti àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ní kí eré bẹ̀rẹ̀, ìkìlọ̀ ni yóò yọjú pé inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni iPlayer ti ń ṣiṣẹ́, nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún fóònù ti sọ orílẹ̀-èdè tó wà. Kì í ṣe ìkórìíra ló fà á: owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣàn tí ìdílé ibẹ̀ ń san lọ́dọọdún, tó di £174.50 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ló ń gbé BBC ró, àwọn tó ni eré sì máa ń ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó dunni ni pé ẹni tó ṣetán láti sanwó kí ó lè wo iPlayer kò rí ibi tí yóò san án sí. BritBox tí BBC àti ITV dá sílẹ̀ fún àwọn olùwòran òkè òkun dé Gúúsù Áfíríkà ní 2021, kò dé Nàìjíríà.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Ìbàdàn ti là rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí WNTV n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Overseas Rediffusion, ló bá a dá a sílẹ̀, nígbà tó sì yá, tọmọdé tàgbà mọ Mind Your Language lórí NTA, bí iná bá ṣáà ti wà. Ní Jericho gan-an, Evans àti Heinemann, ilé iṣẹ́ ìwé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣí ẹ̀ka, wọ́n sì gbé ìwé wá bá òǹkàwé nílé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ó sì gbé Peaky Blinders dání. Ti bọ́ọ̀lù ló yani lẹ́nu jù: kí èrò má baà tán ní pápá, òfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí tẹlifíṣàn ibẹ̀ gbé ìdíje aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé jáde bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n SuperSport máa ń gbé e wá sórí DStv, débi pé ẹni tó sanwó jókòó sí ibi ìwòran bọ́ọ̀lù ní Agbowó ń wo ohun tí ará Manchester kò lè wò nílé ara rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń lo VPN, ètò tó ń mú kí fóònù tó wà n'Ìbàdàn dà bí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò yẹ kí a fi òwe yìí gbè wọ́n, nítorí ẹni tó fo ògiri kò tíì gba ọ̀nà, àmọ́ ẹ̀bi tó pọ̀ jù wà lọ́rùn ẹni tó pàtẹ, tó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ oníbàárà.

Òwe náà sì kan ẹni tó ń tajà pẹ̀lú. Meet the Adebanjos, eré apanilẹ́rìn-ín nípa ìdílé Yorùbá kan ní Peckham, kò rí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá tó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Làwọn tó ṣe é bá gbé e gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní Áfíríkà, àwọn olùwòran ibí sì ti ń fi í rẹ́rìn-ín kí Netflix tó gbà á ní 2020.