Chagall Kò Padà sí Vitebsk: Àwa Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ayàwòrán kan wà tó ya ilé rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́, tí kò sì padà síbẹ̀. Marc Chagall ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Júù ni, wọ́n bí i ní 1887. Vitebsk, tó wà ní Belarus lónìí, ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ń ṣe lébírà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja oníyọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń tajà ní ìsọ̀ kékeré kan. Chagall kúrò nílùú náà ní 1920, ó fi Rọ́ṣíà sílẹ̀ ní 1922, lẹ́yìn náà ló wá forí lé ilẹ̀ Faransé. Ní 1941 ó tún sá fún àwọn Násì lọ sí Amẹ́ríkà. Ó padà sí Faransé ní 1948, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1985, lẹ́ni ọdún 97.

Ìgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tí ẹlòmíràn ì bá ti jókòó jẹ èrè iṣẹ́, ló wá fi gbogbo ọkàn sí lithography ní ilé ìtẹ̀wé Mourlot ní Paris. Orí òkúta ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kì í gbẹ́ òkúta náà. Ohun ọlọ́ràá ni wọ́n fi ń yàwòrán sí i. Wọ́n á fi omi rẹ ẹ́, wọ́n á yí tàdáwà lé e. Tàdáwà á lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá wà, omi kò sì ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ibòmíràn. Òkúta kan fún àwọ̀ kan. Báyìí ni ilé kan ṣoṣo ṣe lè dé ara ògiri ọgọ́rùn-ún ilé.

Kí ló wá ń yà? Ilé onípákó Vitebsk, màlúù, ewúrẹ́, àkùkọ, tábìlì tí òdòdó wà lórí rẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ dání, ọkọ òun ìyàwó tí wọ́n di mọ́ra lókè òrùlé bí ẹni pé ilẹ̀ kò gbà wọ́n. Àwọn kan ní ó ń tún ohun kan náà sọ jù. Èmi kò gbà. Kí ni wọ́n fẹ́ kí ó máa rò?

Ní 1973 ìjọba Sófíẹ̀tì pè é. Ó dé Moscow, ó dé Leningrad, kò yà sí Vitebsk. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo bú u nínú ara mi. Ojo! Àfi ìgbà tí mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ní 1941 àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú náà, wọ́n há àwọn Júù ibẹ̀ mọ́ ojú kan, wọ́n sì pa wọ́n kí ọdún náà tó parí. Ogun wó ìlú náà palẹ̀. Ta ni ì bá kí i káàbọ̀?

Àwa ńkọ́? Jos ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé bàbá mi. Bí wọ́n bá ń ròyìn agbo ilé wa, tòun ti igi àgbálùmọ̀ ẹnu ọ̀nà, èmi náà á máa fi ọkàn yà á. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀ rí. Lẹ́ẹ̀kejì, igi náà ti di àwátì. Ìyá arúgbó kan, àbúrò bàbá bàbá mi, di ọwọ́ mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. N kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

Ìyá yẹn ṣì wà láàyè. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn nígbà tí a bá ń pariwo àṣà nípàdé ẹgbẹ́, tí ọlidé bá sì dé, tí kálukú gba ilé àǹtí l'Ábújá lọ. Ogun kò wó ilé tiwa. Owó mọ́tò ni ìṣòro wa, àti ìtìjú.

Bí ìdánwò bá ti parí, mò ń lọ. Mo fẹ́ gba oríkì yẹn sínú fóònù, kí ìyá sì fi ibi tí igi àgbálùmọ̀ náà wà hàn mí. Ẹni tó bá ń lọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, kó wá mi wá, kí a jọ wọ mọ́tò.