Káàdì Mẹ́rin Lọ́wọ́ Arúgbó Kan

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó na ọwọ́ kọjá orí fi kan etí kí wọ́n tó gbà á wọlé nígbà náà ti lé ní ẹni ọdún 75 lónìí. A ṣètò fún wọn nígbà èwe. Ètò wo ni a ṣe fún wọn ní ọjọ́ ogbó?

Àìsàn àgbà kì í dá rìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, orúnkún dídùn àti ojú tí ń ṣú a máa bá ara wọn gbé lára ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wa pín wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó wo orúnkún ìyá arúgbó fún un ní oògùn ìrora. Oògùn náà sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ túbọ̀ ru, kí ó sì pa kíndìnrín rẹ̀ lára. Dókítà tí ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí káàdì ti orúnkún, òun náà fi kún oògùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìyá kò lo oògùn orúnkún mọ́, ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, òòyì kọ́ ọ bí ó ti ń dìde lóru, ó ṣubú, egungun ìbàdí dá. Ta ni ó jẹ̀bi? Olúkúlùkù ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àgbo tí ìyá ń mu láràárọ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó bèèrè, òun náà kò sì sọ, kí nọ́ọ̀sì má baà jágbe mọ́ ọn.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní UCH, Ìbàdàn, èyí tí Olóyè Tony Anenih kọ́ fún àwọn tí ó ti pé ẹni 60 ọdún. Dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn, amòye oúnjẹ, ẹni tí ń tọ́ iṣan àti oríkèé sọ́nà, àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn wà lábẹ́ òrùlé kan. Odindi ènìyàn ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń wò, kì í ṣe orúnkún nìkan. Ṣùgbọ́n kí ni èyí já mọ́ fún àgbẹ̀ tí ó wà ní Ṣakí, tí owó ọkọ̀ nìkan tó láti dá a dúró sílé?

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ ni í tọ́jú òbí. Òótọ́ ni, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ti wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ni ó lè fi ránṣẹ́. Kò lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé oògùn méjì ń bá ara wọn jà.

A kò bèèrè ilé alájà. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn àgbà. Kí arúgbó kan ní káàdì kan ṣoṣo, tí gbogbo oògùn rẹ̀, títí kan àgbo, wà nínú rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera jọ jókòó lórí rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ ẹni tí kò lè rìn wò nílé. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ọ̀ràn ìlera mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé kí owó wọn máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àpò ìrẹsì ni àwọn òṣèlú fi ń kí àwọn àgbà wa nígbà ìdìbò, bí ẹni pé ìrẹsì ni oògùn àtọ̀gbẹ! Ẹ bi ẹni tí ó bá ń du ipò alága: ọjọ́ wo ni yóò jẹ́ ti àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn wa, ta ni yóò sì máa kọ káàdì náà?