ỌKỌ̀ ILÉ: Òróró Wo Ni Kí A Dà Sí Jíà?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ wa kan tí í máa ka ojú ìwé yìí wá sí ilé wa pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti pààrọ̀ òróró jíà ọkọ̀ òun ni jíà kejì àti ìkẹta ti ń ké bí ìgbà tí a ń fi ayùn rẹ́ irin. Ọkọ̀ yìí ni ó ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà, òun kan náà ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí owó láti ra òmíràn.

Mo bi í léèrè irú òróró tí ó rà. Ó ní a fi agolo méjì han òun, a kọ GL-4 sí ọ̀kan, GL-5 sí èkejì, òun sì mú èyí tí ó ní márùn-ún, nítorí òun kò fẹ́ ṣe ahun.

Inú rere ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣìnà. Nínú jíà tí a ń fi ọwọ́ yí, àwọn òrùka kan wà tí a sábà máa ń fi idẹ ṣe. Iṣẹ́ wọn ni láti di kẹ̀kẹ́ eléyín mú, kí ìyára rẹ̀ lè bá ti èkejì dọ́gba kí eyín tó wọ eyín. Bí òróró bá yọ̀ jù, òrùka kò ní lè dì í mú, eyín yóò sì máa kọlu eyín. Àpótí jíà tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn ni a ṣe GL-5 fún ní pàtàkì, níbi tí eyín ti ń fi agbára ńlá yọ̀ lórí ara wọn. Nítorí náà ni oògùn imí-ọjọ́ inú rẹ̀ fi tó ìlọ́po méjì ti GL-4, òmíràn nínú wọn sì lè jẹ idẹ bí ó bá gbóná. (Ẹni tí òróró jíà bá ti kán sí láṣọ rí mọ bí imí-ọjọ́ ti ń rùn.)

75W-90 tàbí 80W-90 tí ẹ ń rí lára agolo jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: bí òróró ti ki tó ni wọ́n ń sọ. Ẹ má sì fi wọ́n wé ti ẹ́ńjìnì, nítorí 90 ti jíà kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnì lọ.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ń lo òróró jíà. Àwọn àgbà yóò rántí Peugeot 504, tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975: òróró ẹ́ńjìnì ni a ń dà sí jíà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹni tí ń tajà. Bí ìwé náà bá gba GL-4 àti GL-5 pọ̀, ẹ má bẹ̀rù èyíkéyìí. Ti ọ̀rẹ́ wa, GL-4 nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ láti da òróró àtijọ́ nù, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ti ẹ̀gbẹ́, níbi tí a ń gbà rọ tuntun, ṣeé tú. Bí ìpẹtà bá ti dì í pa, ẹ ó ní ọkọ̀ tí kò ní òróró, tí kò sì ní ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti rọ ọ́, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́.

Ní Sátidé a da GL-5 náà nù, a sì rọ GL-4 sí i. Jíà kẹta ti dákẹ́. Ti kejì ṣì ń ké díẹ̀ ní òwúrọ̀, mẹkáníìkì sì ní kí a fi oṣù kan wò ó kí òun tó tú àpótí náà.