Ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri

 

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti inú ilé, ti ara ògiri ni. Ẹni tó bá gba Kútọnu kọjá lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí á ti rí i pé aṣọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga tí wọ́n ń kọ́ fún ayálégbé ń wọ̀: gíláàsì níwájú, pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà dúdú tàbí aláwọ̀ eérú níbi tó kù. Àṣà náà ti ń dé Àjàṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ìlú ń tẹ̀síwájú nìyẹn, pé bí Dubai ṣe rí nìyẹn. Èmi ò ta ko ilé gíga o. Ilẹ̀ ti wọ́n, èèyàn sì ń pọ̀ sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń yan ohun tí wọ́n fi bo ògiri yẹn kì í sábà sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí oòrùn. Agolo tòmátì méjì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ yìí. A ó kun ọ̀kan ní dúdú, a ó kun èkejì ní funfun, a ó bu omi kan náà sínú wọn, a ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Kó tó di àkókò eré, ọmọ tó kéré jù á ti fi ìka sọ èwo ló gbóná jù. Ògiri kò yàtọ̀ sí agolo. Àwọ̀ dúdú ń gba ooru mọ́ra, funfun ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Gíláàsì tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba inú rẹ̀ wọlé, á di ooru nínú yàrá, ooru náà ò sì ní rọ́nà jáde bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rọ́nà wọlé.

Ta ló wá ń sanwó ooru yẹn? Onílé ti gba ìyìn lọ́jọ́ tó ṣílé. Ayálégbé ló máa ra klím, òun náà ló máa san owó iná lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, tí gíláàsì náà ò sì ṣeé ṣí, á jókòó sínú ilé bí ẹja inú ààrò. Ẹwà jẹ́ ti onílé, òógùn jẹ́ ti ayálégbé.

Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba lè sọ bẹ́ẹ̀, torí ó ní ibòmíràn tó lè sùn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó wà ní àjà kẹjọ kò lè sọ ọ́. Ní London, ilé ibùgbé alájà 24 kan wà tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n parí rẹ̀ ní 2016, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù bo ara rẹ̀. Zinc ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò, àmọ́ wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè dín nǹkan bí 293,000 pọ́n-ùn kù nínú owó iṣẹ́. Ike ló wà láàárín pẹlẹbẹ náà, bí ẹ̀wà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì, ike yẹn sì ń jó. Lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná ṣẹ́ nídìí fìríìjì kan ní àjà kẹrin, ó gba ojú fèrèsé bọ́ sára ògiri. Láti ibẹ̀, kò gbà tó ìdajì wákàtí tó fi dé òkè pátápátá. Èèyàn 72 ló kú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ ní pẹlẹbẹ yẹn ni olórí ohun tó jẹ́ kí iná náà ràn bẹ́ẹ̀. Láti ìparí 2018, òfin England ti ka ohun tó lè jó léèwọ̀ lára ògiri ilé ibùgbé tuntun tó bá ga tó mítà 18.

Kì í ṣe gbogbo pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí ohun tó wà láàárín wọn kì í tètè jó. Àmọ́ ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, ìwé tó bá ọjà náà wá ló lè sọ ọ́.

Ẹnìkan á ní: “Mẹ́tìrì, ṣé amọ̀ lẹ fẹ́ ká fi kọ́ ilé alájà mẹ́wàá ni? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọ̀dà funfun kì í pẹ́ dọ̀tí nínú eruku pupa wa yìí ni?” Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Àjàṣẹ́ nígbà tí wọ́n ti Brazil dé. Ògiri wọn nípọn, fèrèsé onípákó wọn ń gba atẹ́gùn wọlé, ó sì ń dá oòrùn dúró. Wọn ò sì bẹ̀rù àwọ̀. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia. A lè fi sìmẹ́ńtì ṣe irú ọgbọ́n kan náà lónìí: fàràńdà tó yọ síta láti ṣíji bo fèrèsé, búlọ́ọ̀kù oníhò ní àtẹ̀gùn, àwọ̀ ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ń ta sí, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ lókè níbi tí oòrùn ń pa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé, kí ẹ tó ní kí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò ó, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹ̀yin ará mérì, bí ẹ ṣe ń béèrè ìwé ilẹ̀, ẹ máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo ògiri pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí panápaná yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ayálégbé, lọ́sàn-án gangan ni kẹ́ ẹ lọ wo yàrá, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́; ẹ gbọ́wọ́ lé ògiri tí oòrùn ń pa, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá fèrèsé ṣeé ṣí.

Ká tó sọ pé ilé kan dára, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ àná.